Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Bàálù Inú Kọ̀ǹpútà Mi Ń Yà Sósì, Agbára Rẹ̀ Sì Ń Já Lójijì

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ físíìsì tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Iléṣà ni mo ń gbé. Ọmọ mi tó wà ní Kánádà fi joystick Logitech Extreme 3D Pro kan àti àpótí throttle (ọwọ́ tí a fi ń darí agbára ẹ́ńjìnnì) ọlọ́wọ́ mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi, kí n lè máa fi wa bàálù inú Microsoft Flight Simulator 2020. Mo máa ń fi Cessna 172 gbéra ní Ìbàdàn, mo ń lọ sí Akúrẹ́, màá sì yà wo òkè Iléṣà lójú ọ̀nà. Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa títí ọmọ-ọmọ mi fi wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi. Ó so àpótí throttle náà mọ́ ọn, ó sì kó àfikún sínú eré náà: bàálù A320 ọ̀fẹ́ ti FlyByWire, FSUIPC7 (ètò tó ń so ohun èlò àti ètò mìíràn mọ́ eré náà), àti àwọn pápákọ̀ òfurufú kan. Láti ìgbà náà, Cessna mi ń yà sósì. Agbára ẹ́ńjìnnì ń já wálẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí mo bá wà lókè. Nínú A320, ọ̀rọ̀ kan, LVR CLB, ń ṣẹ́jú sí mi. Nígbà mìíràn pàápàá, eré náà á kú kó tó ṣí tán. Ṣé kí n yọ gbogbo rẹ̀ dànù, kí n tún un gbà sílẹ̀? Àbí kí n ra joystick mìíràn?

ÌDÁHÙN

Bàbá, ẹ kú ìsinmi, ẹ sì kú ọmọ-ọmọ. Ẹ má yọ ohunkóhun dànù o. Eré yìí ju 100 GB lọ. Kí ẹ tó gbà á sílẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kejì, dátà á ti gbówó lọ, iná á sì ti lọ àìmọye ìgbà. Òṣómàáló kì í náwó báyẹn. Ẹ má tíì ra joystick náà.

Ohun tó máa ń da irú ọ̀rọ̀ yìí rú ni pé èèyàn á kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, á ní àfikún ló bà á jẹ́. Ẹjọ́ mẹ́rin ló wà nínú lẹ́tà yín, ẹ jẹ́ ká dá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí a ṣe ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Lágere nìyí: ohun tí ọwọ́ ń dì mú la kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò, ètò inú eré ló tẹ̀ lé e, àfikún ló kẹ́yìn. Ohun kan ṣoṣo la sì ń yí padà ká tó dán an wò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Ti Cessna tó ń yà sósì ná. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ ti throttle síwájú pátápátá lójú pápá ló ń yà, tàbí ìgbà tí imú rẹ̀ bá gbé sókè, kò sóhun tó ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ni ní físíìsì lẹ máa gbádùn èyí. Láti ibi tí awakọ̀ jókòó sí, abẹ̀bẹ̀ iwájú Cessna 172 ń yí sọ́tùn-ún, nítorí náà ara bàálù ń fẹ́ yí sósì. Atẹ́gùn tí abẹ̀bẹ̀ ń tì sẹ́yìn náà ń lọ́ mọ́ ara bàálù, á wá gbá ìrù rẹ̀ láti apá òsì, imú á sì yà sí òsì. Bí imú bá tún gbé sókè, apá abẹ̀bẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún á máa fa bàálù ju tòsì lọ, ìyẹn náà á tún dá kún un. Àwọn tó ṣe eré yìí fi gbogbo rẹ̀ sí i. Awakọ̀ gidi á fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ rudder, ohun ìdarí tó ń yí imú bàálù sósì sọ́tùn-ún. Ẹ̀yin kò ní ti ẹlẹ́sẹ̀, torí náà ẹ rọra lọ́ ọwọ́ joystick yín sọ́tùn-ún. Lílọ́ yẹn ni rudder tiyín. Kí ẹ tó dán an wò, ẹ yí ojú ọjọ́ sí Clear Skies, kí atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ má baà tàn yín.

Ṣùgbọ́n bí A320 náà bá ń yà sósì lójú ọjọ́ tó mọ́ kedere, tàbí tí Cessna ń yà nígbà tó ń fò geere tí ẹ sì ti dín agbára rẹ̀ kù, ọ̀rọ̀ ti kan joystick nìyẹn. Ẹ ti eré náà pa. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows mọ́ R, ẹ kọ joy.cpl, ẹ tẹ Enter, kí ẹ yan joystick yín, kí ẹ tẹ Properties. Ẹ ó rí àmì kékeré kan nínú àpótí onígun mẹ́rin, ẹ ó sì rí àwọn ọ̀pá aláwọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́wọ́ kúrò lára joystick pátápátá, kí ẹ máa wò ó. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ tẹjú mọ́ ni ọ̀pá tí wọ́n kọ Z Rotation sí, torí òun ni lílọ́ yẹn. Bó bá dúró ṣinṣin láàárín, joystick kò jẹ̀bi. Bó bá dúró ṣinṣin ṣùgbọ́n tí kò sí láàárín, ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ Calibrate, kí ẹ ṣe ohun tó bá ní kí ẹ ṣe. Bó bá ń gbọ̀n tí kò gbádùn, tí kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, eruku ti wọlé nìyẹn, tàbí kí ó ti jẹ. Potentiometer ló wà nídìí lílọ́ yẹn, irin kékeré kan ló ń fara ha ojú ọ̀nà inú rẹ̀, eruku ọyẹ́ kò sì mọ ààlà. Ẹ wá contact cleaner lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe. Kí ẹ fa wáyà joystick yọ, kí ẹnì kan tó mọ ìdí ẹ̀rọ tú u, kó fọ́n ọn sí ìdí potentiometer náà, kí ẹ lọ́ ọ sósì sọ́tùn-ún dáadáa, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi epo bẹntiróòlù fọ̀ ọ́ fún yín. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, wọ́n ń gbé irú rẹ̀ wá bá wa, ike inú rẹ̀ á ti yọ́.

Kí ẹ tó rí ẹni tó máa tú u, ẹ lè dọ́gbọ́n sí i nínú eré: ẹ lọ sí Options, ẹ wọ Controls Options, ẹ yan joystick, ẹ ṣí Sensitivity, kí ẹ fi díẹ̀ kún Dead Zone rudder nìkan, ìyẹn àyè tí joystick lè gbọ̀n dé láàárín tí eré kò ní kà á sí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 5%. Bí ẹ bá ń lọ sókè títí tí bàálù kò gbọ́ ohun tí ẹ ń wí mọ́, àìsàn lẹ ń bò mọ́lẹ̀.

Ti agbára tó ń já wálẹ̀ ni mo fẹ́ ká jókòó tì. Ẹ wo ìsàlẹ̀ joystick yín, ẹ ó rí ọwọ́ pẹlẹbẹ kékeré kan tí a ń tì síwá sẹ́yìn. Throttle ni. Àpótí ọlọ́wọ́ mẹ́ta yẹn náà, throttle ni. Nígbà tí ọmọ-ọmọ yín so àpótí náà mọ́ kọ̀ǹpútà, eré náà fún òun náà láṣẹ lórí ẹ́ńjìnnì láìbi yín, kò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ ti àkọ́kọ́. Ọba kì í pé méjì láàfin. Ará Iléṣà mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwa ará Ifẹ̀ náà mọ̀ ọ́n. Ẹ ti ọwọ́ àpótí síwájú, bàálù gbéra, ó ń lọ. Ọwọ́ kékeré ara joystick wà ní òdo, ó jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ yí joystick díẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ kan ọwọ́ kékeré yẹn, tàbí kí eruku mú un gbọ̀n. Lójú ẹsẹ̀ ló ránṣẹ́ sí eré pé òdo lòun wà. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ni eré náà ń gbọ́ tirẹ̀. Agbára já, ẹ̀yin sì ń wo àpótí, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè níbi tí ẹ fi í sí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi dà bí àfọ̀ṣẹ.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Nínú Controls Options, ẹ yan joystick, ẹ wá ọ̀rọ̀ náà throttle nínú àpótí ìwákiri, kí ẹ pa gbogbo ohun tó bá so mọ́ ọwọ́ kékeré yẹn rẹ́. Eré náà á ní kí ẹ dá profile tuntun sílẹ̀, torí kò gbà kí a yí èyí tó bá a wá. Ẹ fún un lórúkọ tí ẹ máa rántí, ẹ fi í pamọ́. Lẹ́yìn náà ẹ yan àpótí throttle, kí ẹ wo ohun tí wọ́n fún ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe. Bí ẹ bá rí mixture (ohun tó ń wọn epo tí ń lọ sínú ẹ́ńjìnnì) lórí ọ̀kan, ẹ ṣọ́ra: bí ọwọ́ yẹn bá sọ̀ kalẹ̀ sí òdo, epo ti dá, ẹ́ńjìnnì Cessna á kú pátápátá. Bí ọmọdé náà bá tún fi páàdì Xbox sílẹ̀ lára kọ̀ǹpútà, ẹ fà á yọ, ọba kẹta nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa sọ fún yín pé FSUIPC7 ló fa gbogbo èyí. Ó lè fà á, ṣùgbọ́n lọ́nà kan ṣoṣo. Àwọn tó bá sanwó fún un nìkan ló lè fi í yan iṣẹ́ fún joystick. Bí ọmọ-ọmọ yín kò bá sanwó, FSUIPC7 yín kò lè fọwọ́ kan throttle, ẹ fi sílẹ̀ lálàáfíà. Bó bá sanwó, ẹ ṣí i, ẹ lọ síbi tí ó ti ń yan axis (iṣẹ́ tí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe), ẹ ti ọwọ́ kọ̀ọ̀kan díẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n ti fún un níṣẹ́ níbẹ̀. Ọwọ́ tó bá ti níṣẹ́ nínú FSUIPC kò gbọdọ̀ níṣẹ́ nínú eré mọ́. Ẹ yan ibì kan. Tèmi ni pé kí ẹ fi gbogbo rẹ̀ sínú eré, torí ẹni tó ní joystick kan àti àpótí kan kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

LVR CLB yẹn kì í ṣe àṣìṣe, ọ̀rọ̀ Airbus gidi ni. Bí A320 bá ti gòkè dé ìwọ̀n kan lẹ́yìn tó gbéra, ó ń fẹ́ kí awakọ̀ dá ọwọ́ throttle padà sí ojú ibi tí wọ́n ń pè ní CLB, kí ẹ̀rọ lè máa darí agbára fúnra rẹ̀. Nínú bàálù gidi, ọwọ́ náà á há síbẹ̀, awakọ̀ á gbọ́ ọ lọ́wọ́. Ti àpótí yín ń yọ̀ geere, kò sí ibi tó ti ń há, bàálù kò sì mọ ibi tí CLB yín wà àfi bí ẹ bá fi hàn án. FlyByWire fi ibi tí a ti ń fi hàn án sínú flyPad, tábúlẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀: ẹ lọ sí Settings, ẹ wá Sim Options, ẹ ṣí throttle calibration. Ẹ gbé ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ fún IDLE, ẹ fi í pamọ́. Ẹ gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ fún CLB, lẹ́yìn náà fún FLX àti TO/GA tó jẹ́ ojú ibi agbára ìgbéra, ẹ máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan pamọ́. Bí ẹ kò bá ní ọwọ́ tí a fi ń dá agbára ẹ́ńjìnnì padà láti dín eré bàálù kù (reverse), ẹ pa ti reverse níbẹ̀. Mo máa ń lẹ téèpù funfun mọ́ ara àpótí àwọn oníbàárà wa, pẹ̀lú ìlà bírò níbi CLB àti FLX. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ojú á máa tọ́ ọwọ́ sọ́nà. Ẹ tún rí i pé ọwọ́ kìíní jẹ́ Throttle 1 Axis, ìkejì jẹ́ Throttle 2 Axis, àti pé ẹ kò fọwọ́ kan Sensitivity wọn.

Ó ku eré tó ń kú kó tó ṣí. Ibí ni àfikún ti wọ ọ̀rọ̀. Gbogbo wọn ń gbé inú fóòdà kan tó ń jẹ́ Community. Bí ẹ kò bá mọ ibi tó wà, ẹ wá fáìlì UserCfg.opt, ẹ fi Notepad ṣí i. Ìlà InstalledPackagesPath nísàlẹ̀ rẹ̀ á sọ fún yín. Ẹ kó gbogbo ohun tó wà nínú Community lọ sí fóòdà mìíràn lórí desktop; kíkó ni mo wí, n ò sọ pé kí ẹ pa á rẹ́. Ẹ ṣí eré. Bó bá ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ dá ìdajì padà, ẹ tún ṣí i. Bó bá kú, ọ̀daràn wà nínú ìdajì yẹn. Ẹ tún pín in sí méjì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi mú un. Bó bá ṣì kú nígbà tí Community ṣófo, àfikún inú rẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Àwọn pápákọ̀ òfurufú ni mo kọ́kọ́ fura sí. Bí a bá tú fáìlì zip, ó máa ń bí fóòdà sínú fóòdà. Ẹ ṣí fóòdà àfikún kọ̀ọ̀kan, manifest.json àti layout.json gbọ́dọ̀ hàn sí yín lójú ẹsẹ̀. Bí fóòdà mìíràn ni ẹ bá rí, ẹ fa ti inú jáde, ẹ sọ ti òde nù. Ìyẹn kì í sábà pa eré, kò kàn ní hàn ni. Èyí tó ń pa eré ni àfikún àtijọ́ tí eré ti ṣe àtúnṣe kọjá rẹ̀, àti èyí tí wọ́n ń dà láti fílááṣì dé fílááṣì, tí kò sẹ́ni tó mọ orísun rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi àfikún olówó gọbọi fún ọmọ-ọmọ yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ sì fi antivirus wo kọ̀ǹpútà yín. Ti FlyByWire ní tirẹ̀, ẹ lo installer wọn, kí ẹ yan Stable, ẹ fi Development sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé.

Ọ̀rọ̀ iná díẹ̀. Bí ẹ bá ń gbọ́ ìró tí Windows ń dún nígbà tí a bá fa USB yọ, tí ẹ kò sì fa nǹkan kan, joystick ń já kúrò lára kọ̀ǹpútà nìyẹn, pàápàá nígbà tí iná bá yí sí inverter. Ẹ so ó mọ́ ara kọ̀ǹpútà gan-an, kì í ṣe hub tí kò ní iná tirẹ̀, ojú ihò kan náà ni kí ẹ sì máa lò. Nínú Device Manager, ẹ ṣí USB Root Hub, ẹ lọ sí Power Management, kí ẹ yọ àmì tó gba kọ̀ǹpútà láyè láti pa á láti fi tọ́jú iná.

Bí lílọ́ joystick bá ṣì ń gbọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n fọ̀ ọ́, a lè wá sọ̀rọ̀ rírà nígbà náà. Ẹ sọ fún ọmọ yín ní Kánádà pé kó wá joystick tí mágínẹ́ẹ̀tì ń ka lílọ́ rẹ̀, tí kò sí irin tó ń ha nǹkan níbẹ̀. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ kọ́kọ́ fi Community òfìfo gbéra ní Ìbàdàn lọ sí Akúrẹ́, pẹ̀lú ọba throttle kan ṣoṣo. Bí agbára bá tún já lójú ọ̀nà, ẹ ya fọ́tò ojú ewé joystick àti ti àpótí throttle nínú Controls Options, ẹ yí filter sí Assigned kó lè hàn dáadáa, kí ẹ fi méjèèjì ránṣẹ́ sí mi.