Ṣé kí n gba abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì?

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Aṣọ ni mò ń tà lọ́jà Kàbà. Oyún mẹ́ta ló ti bàjẹ́ lára mi, kò sí èyí tó pé oṣù mẹ́rin. Dókítà ní òun kò rí ìdí rẹ̀. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ní Lọ́kọ́ja gún abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ó sì bímọ. Ọkọ mi ti fẹ́ ta ọ̀kadà rẹ̀ nítorí owó abẹ́rẹ́ náà.
— Ìyá Aláṣọ

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. Kí ọkọ rẹ má tíì ta ọ̀kadà.

Ní 2010, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde láti Netherlands. Obìnrin 364 tó ní irú ìṣòro rẹ ni wọ́n pín sọ́nà mẹ́ta: àwọn kan gba abẹ́rẹ́ pẹ̀lú asipirín, àwọn kan asipirín nìkan, àwọn yòókù oògùn tí kò ní nǹkan nínú. Abẹ́rẹ́ náà kò mú kí ọmọ pọ̀ sí i. Nínú àwọn tí kò gba oògùn gidi, ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún ló bímọ láàyè! Èmi náà gún abẹ́rẹ́ yìí rí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ojú abẹ́rẹ́ dúdú káàkiri ikùn mi bí àdìrẹ.

Àmọ́ padà lọ bi dókítà bóyá wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò fún antiphospholipid, ìyẹn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, tó sì lè ba oyún jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń ṣe é, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 12 síra wọn. Tí ìyẹn bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà, torí asipirín àti heparin, abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, gan-an ni ìtọ́jú rẹ̀. Bóyá òun ló ṣe ará Lọ́kọ́ja yẹn. Bi í.