Ìdí Tí FM Ìbàdàn Kò Fi Dé Ìdìrókò

Ìbéèrè: Ìdìrókò ni mò ń gbé. Mo fẹ́ràn ilé iṣẹ́ FM kan tó wà ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n n kì í gbọ́ ọ rárá níbí. Bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, mo máa ń gbọ́ àwọn tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí AM. Ṣé wọn kò lè fi kún agbára ẹ̀rọ wọn ni?

Ìdáhùn: Bí wọ́n tilẹ̀ fi kún un, kò ní tó yín lọ́wọ́. Ìgbì FM, tó wà láàárín 87.5 sí 108 MHz, fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń lọ tààrà bí ìmọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ayé rí róbótó, nítorí náà gíga òpó ló ṣe kókó ju agbára ẹ̀rọ lọ. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, òpó tó ga ní 100 mítà kò lè ríran kọjá nǹkan bí 41 kìlómítà; bí ẹ bá gbé áńténà tiyín sókè ní mítà 10, ẹ óò rí nǹkan bí 13 kún un. Ìbàdàn sí Ìdìrókò sì ju 100 lọ. Lóòótọ́, láwọn òwúrọ̀ kan tí afẹ́fẹ́ gbígbóná bá bo èyí tó tutù mọ́lẹ̀, ìgbì FM lè ta kọjá ààyè rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ lọ.

Ti AM yàtọ̀. Lọ́sàn-án, ìpele kan tí oòrùn ń dá sílẹ̀ lójú òfuurufú, ní nǹkan bí 60 sí 90 kìlómítà sókè, máa ń gbé ìgbì AM tó bá gòkè mì, tó fi jẹ́ pé kìkì èyí tó fà mọ́lẹ̀ ló ń dé etí wa. Bí oòrùn bá wọ̀, ìpele yẹn a pòórá, ìgbì a sì dé ìpele tó wà lókè rẹ̀, èyí tí yóò dá a padà sílẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà síbi tó ti gbéra. Ohun tó ń dùn mọ́ yín yìí gan-an ni wàhálà àwọn tó ń pín ìkànnì: ní Amẹ́ríkà, òfin FCC, àjọ tó ń bójú tó ilé iṣẹ́ rédíò níbẹ̀, mú kí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ AM dín agbára wọn kù lálẹ́ kí wọ́n má baà bo ẹlòmíràn mọ́lẹ̀.

Níbi tiwa, àjọ NBC ló ń fún ilé iṣẹ́ rédíò ní ìwé àṣẹ, ẹnikẹ́ni kò sì lè dá fi kún agbára ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹnu ibodè tí ẹ wà tún dá kún un. Bí ilé iṣẹ́ méjì bá wà lórí ìkànnì FM kan náà, èyí tó lágbára jù níbi tí ẹ dúró sí ni rédíò yín yóò gbà, yóò sì pa ìkejì rẹ́. Pọ̀tọ̀nù (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin, sì sún mọ́ yín ju Ìbàdàn lọ fíìfíì. Nítorí irú èyí ni àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà àti Yúróòpù ṣe fẹnu kò ní Geneva lọ́dún 1984 lórí bí wọn yóò ṣe pín ìkànnì FM.

Ẹ má ṣe náwó sórí áńténà ńlá. Bí ilé iṣẹ́ náà bá ń sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa gbọ́ ọ.