Èsì: Ṣé ilé tí wọ́n fi dógò tó láti fọkàn balẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní iléeṣẹ́ kan tó ń gba owó lọ́wọ́ aráàlú láti fi yá àwọn onílé fẹ́ máa san èlé 12% lọ́dún fún yín ní Lọ́ńdọ̀nù níbẹ̀, pé ilé ni àwọn tó ń yá owó náà fi ṣe ìdógò, ṣé ewu ò sí? Ó wà o.

Ká ní wọ́n pe ilé kan ní £500,000, wọ́n wá yá onílé ní £350,000. Bí kò bá rí owó san, tí wọ́n fi ìkánjú tà á, ó lè má ju £370,000 lọ, lọ́yà á sì kọ́kọ́ yọ tiẹ̀. Bí báńkì kan bá tún ti yá onílé lówó lórí ilé ọ̀hún, tó jẹ́ òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ san fún, àjẹkù lẹ máa pín. Èyí tẹ́rù ẹ̀ bà mí jù ni ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí: iye tó máa tó lọ́jọ́ tó bá parí ni wọ́n ń kọ síwèé, ìpìlẹ̀ àti bíríkì lẹ sì bá nílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Lendy, irú iléeṣẹ́ yìí kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń gba ilé ní ìdógò kó tó wó lóṣù Karùn-ún 2019. FSCS, ètò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń dáàbò bo owó táwọn èèyàn fi sí báńkì, kì í san irú àdánù yìí.

Ẹ bi wọ́n: èló nínú owó tí wọ́n yá jáde ló ti kọjá ọjọ́ ìsan? Bí wọn ò bá dáhùn tààrà, ẹ mú owó yín dání.