“Ẹ ṣáà yẹ gbogbo ara mi wò”: ìdí tí dókítà fi kọ̀ fún yín

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti ń rẹ̀ mí ṣáá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dúró kí n tó rí dókítà, akọ̀wé tó gbé fóònù sì ń bi mí ní ọ̀rọ̀ àṣírí. Mo bẹ dókítà kó yẹ gbogbo ara mi wò, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta péré ló kọ. Èsì jáde, wọ́n tún ní kí n padà wá ṣe ọ̀kan nínú wọn. Ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tó ní ẹ̀rọ tí èèyàn ń dì mú lọ́wọ́. Kò gba ẹ̀jẹ̀ rárá, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi tẹ èsì ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, ojú àti egungun jáde. Kí ló dé tí ilé ìwòsàn ò lè ṣe bẹ́ẹ̀? Àbí wọn ò kà mí sí ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn kúrò lọ́nà, torí ó ń bí mi nínú. Irọ́ ni. Bí a bá fẹ́ mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́, ìdọ̀tí kan tó ń jẹ́ creatinine là ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀, a sì ń wo ohun tó ń jò sínú ìtọ̀. Ẹni tí kò gba ẹ̀jẹ̀, tí kò gba ìtọ̀, ibo ló ti rí ti kíndìnrín? Ẹ fi owó yín ṣe nǹkan mìíràn.

Lẹ́tà irú èyí pọ̀ níwájú mi, ohun kan náà ló sì wà nídìí gbogbo wọn: kí ló ṣe tí dókítà ò ṣáà yẹ gbogbo ara wò, kí ọkàn kóówá balẹ̀? Kò sí àyẹ̀wò kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ rò pé àyẹ̀wò kàn ń ṣí aṣọ lójú ohun tó wà nínú ara ni, pé bí a bá ṣe ṣe é tó ni òótọ́ yóò ṣe hàn tó. Rárá o. Ìbéèrè ni àyẹ̀wò ń dáhùn. Bí ẹ ò bá bi í ní nǹkan pàtó, á ṣì dáhùn, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà lè kó yín sí wàhálà.

Ẹ mú ìwé èsì yín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí wọ́n rí lára yín, ẹ ó rí iye méjì mìíràn, ti ìsàlẹ̀ àti ti òkè, tí wọ́n ní kí tiyín wà láàárín wọn. Báwo ni wọ́n ṣe dé ibẹ̀? Nínú ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò, àwọn tí ara wọn le ni wọ́n kó jọ, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n sì mú 95 nínú gbogbo 100 tó wà láàárín. Àwọn 5 tó kù bọ́ síta. Ara àwọn náà le o! Àmọ́ àmì “kò dáa tó” ni ìwé yóò fi sí tiwọn. Bí a bá wá ṣe 20 irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, tí ọ̀kan ò sì gbára lé èkejì, nínú 100 irú ẹni bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 64 ni yóò rí àmì yẹn, ó kéré tán níbi kan. Ìṣirò lásán ni.

Ìgbà náà ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Oorun á dá lójú yín. Wọ́n á ní kí ẹ lọ ya skáànù. Skáànù á rí kókó kékeré kan tó ti wà níbẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, tí ì bá má pa yín lára títí ayé. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ bu díẹ̀ lára rẹ̀, abẹ́rẹ́ sì lè mú ẹ̀jẹ̀ dà tàbí kó ti kòkòrò wọlé. Lẹ́yìn gbogbo eléyìí, rírẹ̀ tó gbé yín dé ilé ìwòsàn ṣì wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì bi yín nípa rẹ̀.

Àwọn kan á ní, “Ṣebí a ó kàn lo àyẹ̀wò tó péye.” Ó dáa, ẹ jẹ́ ká mú èyí tó péye. Ó ń mú 95 nínú gbogbo 100 tó ní àìsàn kan, ó sì ń dá 95 sílẹ̀ nínú gbogbo 100 tí kò ní in. Àìsàn náà ń ṣe èèyàn 10 nínú 1,000. A ṣe é fún gbogbo 1,000. Àwọn 10 yẹn, á mú wọn tán tàbí kó ku ẹnì kan. Nínú 990 tí kò ní in ńkọ́? Nǹkan bí 50 ni yóò mú láìṣẹ̀. Ẹ ti rí i báyìí: nínú nǹkan bí 60 tí wọ́n sọ fún pé àìsàn ti wọlé, 10 péré, ìyẹn ẹnì kan nínú mẹ́fà, ló ní in lóòótọ́. Tí a bá wá mú àyẹ̀wò yẹn kan náà, tí a ṣe é fún kìkì àwọn tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn àti ara wọn ti ń tọ́ka sí àìsàn náà, tí ó fi jẹ́ pé ìdajì wọn ló ní in, 95 nínú gbogbo 100 tí ó bá mú ni yóò jẹ́ òótọ́. A ò pààrọ̀ ẹ̀rọ. Àwọn tí a ṣe é fún la yàn. Ohun tí dókítà yín ń ṣe nìyẹn nígbà tó ń béèrè báyìí-báyìí kó tó mú bírò, tí ẹ sì rò pé ó ń fi àsìkò ṣòfò.

Kí ẹnikẹ́ni má gbé ọ̀rọ̀ mi gba ibòmíràn o. Wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru, àyẹ̀wò ọrùn ilé ọmọ, àyẹ̀wò HIV, àyẹ̀wò ìgbẹ́ fún àwọn tó ti tó ọjọ́ orí rẹ̀ láti tètè rí jẹjẹrẹ ìfun, ẹ má sá fún wọn. Wọ́n ti gbé àǹfààní àti ewu wọn sórí ìwọ̀n kí wọ́n tó ní kí ará ìlú máa ṣe wọ́n.

Ó wá kan rírẹ̀ yín. Lẹ́tà ni mo rí, n ò rí yín, nítorí náà ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi rọ́pò ti dókítà yín. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ jókòó níwájú mi ni, èmi náà ò bá má kọ ju mẹ́ta sí mẹ́rin lọ: ìye ẹ̀jẹ̀, ferritin tó ń sọ iye irin tí ara kó pamọ́, táírọ́ìdì (ẹ̀yà ara kan nínú ọrùn tó ń darí bí ara ṣe ń lo agbára), ṣúgà. Kí n tó kọ ìkankan, mo máa béèrè oorun yín, bóyá ẹ máa ń han-unrun, oògùn tí ẹ ń lò, bóyá ẹ ń rù, bóyá ìbànújẹ́ kan wà nílẹ̀. Bí ẹ bá ṣì ń rí nǹkan oṣù, mo máa béèrè bó ṣe ń wá tó, torí irin lè ti tán nínú ara obìnrin tí ìye ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì dáa lójú ìwé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ fi dúró, n ò ní gbèjà rẹ̀. Ó burú. Akọ̀wé yẹn ni mo fẹ́ bá yín bẹ̀. Kì í ṣe òfófó ló ń ṣe. Ó ń wá ẹni tí kò lè dúró dọ̀la láàárín àwọn tó ń pè ni. Ẹ sọ ohun tó ń ṣe yín àti bó ṣe pẹ́ tó ní gbólóhùn kan. Bó bá jẹ́ ohun ìtìjú, ẹ ní “ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ni”, kó tán síbẹ̀. Àyà dídùn, kí apá tàbí ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan ṣàdédé rọ, èémí tí kò délẹ̀, ẹ̀jẹ̀ nínú èébì, ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, ìwọ̀nyí kì í dúró de àdéhùn. Ẹ̀ka pàjáwìrì ni kí ẹ gbà lọ tààrà.

Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má gba ẹni tó bá ní “tí a ò bá pè yín, a jẹ́ pé ó dáa” gbọ́. Ìwé èsì máa ń sọnù. Kí ẹ tó kúrò níwájú dókítà, ẹ béèrè ọjọ́ tí èsì máa jáde àti ẹni tí ẹ máa pè, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tiyín. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Èyí tí wọ́n ní kí ẹ tún ṣe, ẹ ò dárúkọ rẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n fi yín ṣeré. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pẹ́ nínú ìgò kó tó dé yàrá àyẹ̀wò, tàbí tí ẹ di ìkúùkù pinpin nígbà tí wọ́n ń fà á, pòtásíọ̀mù, ọ̀kan lára iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, á ga lójú ìwé láìjẹ́ pé ó ga nínú ara. Bó bá sì jẹ́ ṣúgà ló ga, tí kò sí àpẹẹrẹ àtọ̀gbẹ kankan lára yín, ìlànà ni pé èsì kan ò tó láti fi pe èèyàn ní alátọ̀gbẹ. Nítorí náà, ẹ lọ. Ẹ kọ orúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání, títí dé fítámì tí ẹ rà fúnra yín, torí biotin tó wà nínú àwọn oògùn irun àti èékánná lè da àyẹ̀wò táírọ́ìdì rú. HbA1c tó ń sọ ti ṣúgà oṣù méjì sí mẹ́ta kò gba ààwẹ̀, àmọ́ bí ẹ bá ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde, ẹ tètè sọ fún wọn, kò ṣeé gbára lé fún irú yín. Ṣúgà tí a ń fi ààwẹ̀ ṣe ní tirẹ̀ gba wákàtí mẹ́jọ láìjẹun. Omi nìkan ni kí ẹ mu, ẹ sì mu ún dáadáa kí iṣan lè tètè yọjú.