Kí ló fà á tí iye owó wúrà fi máa ń wálẹ̀ nígbà tí owó èlé bá gòkè ní Amẹ́ríkà?

Ohun tó fà á ni pé wúrà kì í mú èlé wọlé fún ẹni tó ni ín, nítorí náà, bí báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà bá fi kún owó èlé, àwọn olùdókòwò a máa tà lára wúrà wọn kí wọ́n lè yá ìjọba lówó, kí èlé tó dájú sì máa wọlé fún wọn.

Dọ́là náà lọ́wọ́ sí i. Òun ni wọ́n fi ń ṣírò iye owó wúrà lọ́jà àgbáyé. Bí owó èlé bá sì ga, dọ́là a máa lágbára sí i, débi pé wúrà yóò wọ́n jù fún ẹni tó ń ná rúpìì ní Íńdíà tàbí náírà ní Nàìjíríà.

Àpẹẹrẹ tó hàn jù lọ ni ti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1980, nígbà tí ìwọ̀n áùnsì kan, tó jẹ́ gíráàmù 31.1, dé dọ́là 850. Lẹ́yìn tí báńkì àpapọ̀ náà, lábẹ́ Paul Volcker, gbé owó èlé kọjá ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún láti fi kápá ọ̀wọ́ngógó, wúrà já wálẹ̀ dé nǹkan bí dọ́là 300 ní àárín ọdún 1982.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń rí bẹ́ẹ̀. Owó èlé gòkè gan-an láàárín ọdún 2022 sí 2023, síbẹ̀ wúrà kò wó, pàápàá nítorí pé àwọn báńkì àpapọ̀ káàkiri ayé ra ohun tó ju 1,000 tọ́ọ̀nù lọ ní ọdún 2022 nìkan.