Ebi nìkan kọ́ ló ń dojú ìjọba bolẹ̀

Ẹ béèrè pé ṣé ebi ló máa ń mú ará ìlú dìde lé olórí lọ, àti pé kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tó bá lọ tán. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Khartoum, olú ìlú Sùdáànì, nígbà tí ààrẹ Omar al-Bashir ṣubú. Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ni mo fi ń dáhùn.

Ebi ti pẹ́ ní Sùdáànì kí ìjọba yẹn tó mì. Àpò ìjọba ló gbẹ. Gúúsù Sùdáànì yapa ní 2011, ó sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú epo rọ̀bì lọ. Owó tí wọ́n fi ń di ará ìlú lẹ́nu wá tán. Wọ́n dín owó ìrànwọ́ orí búrẹ́dì kù, ni àwọn ará Atbara bá tú síta ní oṣù Kejìlá 2018. Ní Faransé náà, gbèsè ló mú kí Louis XVI pe ìgbìmọ̀ aṣojú ìlú ní 1789, èyí tí ọba kankan ò pè láti 1614.

Ṣùgbọ́n ẹni tó mú ìbọn ni kí ẹ máa wò. Ní 2013, àwọn ará Khartoum ti tú síta rí nítorí owó epo; àwọn agbófinró yìnbọn lù wọ́n, ó sì parí síbẹ̀. Ní Petrograd ní Rọ́ṣíà ní 1917, àwọn sójà tí wọ́n ní kí wọ́n yìnbọn lu èrò ló lọ dara pọ̀ mọ́ wọn, kò sì pẹ́ tí ọba wọn, Nicholas Kejì, fi gbé adé sílẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2019, iwájú olú iléeṣẹ́ ológun lèrò lọ jókòó sí ní Khartoum. Àwọn sójà kan ń gbèjà wọn. Láàárín ọjọ́ 5, àwọn ọ̀gágun fúnra wọn mú al-Bashir.

Gbogbo ìgboro ń jó lọ́jọ́ náà, èmi náà jó. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní, nítorí pé gbogbo wa la fẹ́ kó lọ, a ò sì fẹnu kò lórí ẹni tó máa gba ipò rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọjọ́ 3, àwọn ológun fi ìbọn tú èrò náà ká. Àwọn tó kú lé ní 100. Àwọn ológun àti àwọn aṣojú ará ìlú ṣe àdéhùn ìjọba àjùmọ̀ṣe, àwọn ológun tún fipá gbà á ní 2021. Ní 2023, àwọn ọmọ ogun àti RSF, ẹgbẹ́ ológun mìíràn tó dá dúró lọ́tọ̀, tí wọ́n jọ lé al-Bashir kúrò, kọjú ìbọn síra wọn. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Ìránì lẹ́yìn tí wọ́n lé ọba wọn lọ ní 1979: àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òsì, ìyẹn àwọn sósíálístì, tó bá àwọn àlùfáà wọ́de padà di ẹlẹ́wọ̀n wọn.

Tùnísíà, tó lé olórí tirẹ̀ lọ ní 2011, rìn jìnnà díẹ̀ sí i. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ UGTT wà lára àwọn tó mú àwọn òṣèlú jókòó, wọ́n sì ṣe òfin ìpìlẹ̀ tuntun ní 2014, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ààrẹ dá ilé aṣòfin dúró ní 2021. Sùdáànì náà ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó gbóná. Àmọ́ àwọn ológun Tùnísíà kéré, wọn ò ní òwò ńlá kan tí wọ́n ń ṣọ́. Àwọn ti Sùdáànì ní iléeṣẹ́, RSF sì ní wúrà.