Èsì: Ṣé kí Kánádà túúbá ni?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bèèrè ohun tí orílẹ̀-èdè kékeré lè ṣe bí aládùúgbò alágbára bá ń fi owó ibodè halẹ̀ mọ́ ọn, bí Amẹ́ríkà ṣe ṣe fún Kánádà lọ́dún 2025. Lójú tèmi, kó má túúbá, kó má sì sọ ọ́ di ìjà ìgboro.

Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọjà tí Kánádà tà síta lọ́dún 2024, Amẹ́ríkà ló lọ. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àgbẹ̀ kòkó Ìdànrè tó jẹ́ pé alágbàtà kan ṣoṣo ló ń tà fún, ṣé ó lè yan iye ni? Àfi kí Kánádà wá oníbàárà míì. Ọ̀pá epo Trans Mountain ti Kánádà, tí wọ́n fẹ̀ lọ sí etí òkun Pacific kí epo lè dé ọ̀dọ̀ oníbàárà míì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù karùn-ún 2024, kí wàhálà yìí tó dé. Ẹ ò rí i? Irú ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ òru ọjọ́ kan.

Ìgbẹ̀san ńkọ́? Díẹ̀díẹ̀ ni. Ontario, ìpínlẹ̀ kan ní Kánádà, kó ọtí Amẹ́ríkà kúrò lórí àtẹ, ó dáa bẹ́ẹ̀, ọtí míì wà tí wọ́n lè mu. Ṣùgbọ́n ẹni tó bu owó ibodè lé ohun tí kò lè ṣe fúnra rẹ̀, ara rẹ̀ ló ń nà.

Alágbára náà kì í lọ láìfarapa o. Nàìjíríà ti ibodè mọ́ orílẹ̀-èdè Benin lóṣù kẹjọ 2019, ó di oṣù kejìlá 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ará Kútọnu jìyà ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ àwa tí à ń ra ìrẹsì ní Ọjà Ọba l'Ákúrẹ́ níbí náà mọ̀ ọ́n lára.